Ọkọ̀ Ogun Tí Ràímì Wà Nínú Rẹ̀

Ṣakí, Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Karùn-ún, 1982

Rédíò ní bọ́ǹbù kan ṣoṣo ló dáná sun ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lójú òkun. Ọ̀nà jíjìn ni ọkọ̀ òfurufú ti jù ú.

Bàbá mi, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ogun lọ jagun ní Bọ́mà nígbà èwe wọn, ní, "Irin tiwa nípọn bí ògiri, a sì ń rí ọ̀tá. Ti ìsinsìnyí, ẹ̀rọ ló kún inú rẹ̀, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́."

Ràímì ọmọ wa wà nínú ọkọ̀ ogun tuntun ti Nàìjíríà. Ìyàwó mi yọjú láti ìdí iná, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé ọkọ̀ ogun kì í jóná."

Bàbá mi dìde lọ ṣe àlùwàlá. Àkókò ìrun ò sì tíì tó.