Kóòṣì Ní Kí Ọmọ Lo Ọwọ́ Òsì

Sàráà tí mo jẹ yín ti jáde. Àgbẹ̀ kan ní Plainfield, lẹ́yìn odi Chicago níbí, ló ta àgbò tí mo fi ṣe é fún mi. Ọgọ́ta dọ́là ló kọ́kọ́ pè é, mo ná an títí ó fi gbà á ní márùndínláàádọ́ta. Ààfáà ṣàdúà, àwọn aládùúgbò jẹ, kò sí gbèsè láàárín wa mọ́.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ṣé ibẹ̀ yẹn tù yín lára? Ṣé òtútù ń mú níbẹ̀?

Ọkùnrin kan ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní àdúgbò Albany Park, òun ló ń tọ́jú bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná, tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe. Ará Sábíà ni, láti ilẹ̀ Yugosiláfíà. Ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọ yàrá ara rẹ̀. Milan ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é, torí pé lẹ́yìn iṣẹ́ ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí ni, Bàbá. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sí i, bọ́ọ̀lù á sì jábọ́ pa dà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ mí, mo tú ìtàn rẹ̀ wò. Nílé wọn, òun gan-an ló ń gbá a. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ onírin kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gbá a títí ó fi dé ẹgbẹ́ tó tóbi jù nílùú wọn. Rélùwéè ń gbé wọn káàkiri, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́ kó sanwó kọfí. Orúnkún rẹ̀ wá yẹ̀. Wọ́n fún un ní fèrè pé kó máa kọ́ àwọn tó kù, ó sì kọ́ wọn títí ìyàwó rẹ̀ fi ní kí wọ́n wá bá ẹ̀gbọ́n òun ní Amẹ́ríkà.

“Kóòṣì, èló ni wọ́n ń san fún yín lórí àwọn ọmọ yìí?”

“Òfo, Màdáámù.”

“Kí lẹ wá ń jẹ níbẹ̀?”

“Ariwo wọn.”

Mo rò ó títí, mi ò rí èrè ibẹ̀. Tó bá dúró létí ìlà, á káwọ́ sẹ́yìn, ìka rẹ̀ á máa jó níbẹ̀ bí ọmọ kan bá ṣi bọ́ọ̀lù jù. Ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ojú yín ò gba aṣọ híhun mọ́. Ẹ ó dúró lẹ́yìn àwọn ọmọṣẹ́ nídìí òfì, ẹ ó káwọ́ sẹ́yìn. Ṣé ó dùn yín? Àbí adùn kan wà nínú wíwo ọwọ́ ẹlòmíràn tí èmi ò tíì mọ̀? Kí ló dé tí mi ò bi yín nígbà yẹn?

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá nìyí. Sídíkà, ọmọ mi tó gbé ọ̀dọ̀ yín ní Ìsẹ́yìn kó tó wá bá wa, ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó sì wà lára àwọn ọmọ Kóòṣì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn mi.

“Màdáámù, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ yín ní.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Méjì ni mo bí mọ́ ọn, mo sanwó ọsibítù lórí méjèèjì.”

“Ẹ wá wò ó.”

Mo lọ wò ó. Bí bọ́ọ̀lù bá bá a lọ́wọ́ òsì, á kọ́kọ́ gbé e sí ọ̀tún kó tó fún ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ ọmọ tó jù ú lọ ló fẹ́ gbà á, á tún tẹ orúnkún díẹ̀. Kó tó ṣe tán, wọ́n ti já a gbà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn kan ń bọ̀ láti ilé-ìwé ńlá kan wá wo eré. Ọmọ tó bá wù wọ́n, wọn á san owó ilé-ìwé rẹ̀ títí yóò fi jáde. Mo ti ṣírò owó yẹn. Bí mo tilẹ̀ ń ṣe ṣífítì méjì lójúmọ́, owó ọwọ́ mi ò lè ká a.

“Sídíkà, máa fi òsì jù ú.”

“Màámi, Bàbá àgbà ní kí n má fi òsì fún èèyàn ní nǹkan.”

“Bàbá àgbà ti kú.”

“Ṣé wọ́n yí i pa dà kí wọ́n tó kú ni?”

Ẹ ò kúkú yí i pa dà. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ pẹ́pẹ́ tó bá nà án sí àlejò, ẹ ò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nídìí òfì ńkọ́? Ọ̀tún á ju ọ̀kọ̀, igi tó gbé òwú ìhun, gba àárín òwú, òsì á hán an. Òsì á jù ú, ọ̀tún á hán an. Ọmọṣẹ́ tí òsì rẹ̀ bá ń lọ́ra, ẹ̀yin náà lẹ máa ń bi í pé ta ló ti ọwọ́ kan mọ́lé fún un. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń ju nǹkan síra wọn jọ ibi tí wọ́n ti ń fi nǹkan lé àgbà lọ́wọ́? Lójú tèmi, kò jọ ọ́. Ṣùgbọ́n Sídíkà ò wá ojú tèmi, tiyín ló ń dúró dè. Bí mo bá ní mo lá àlá yín, á gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ti dé ẹnu mi lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e mì. Mi ò ní parọ́ mọ́ yín nítorí owó ilé-ìwé.

Ẹ wá fúnra yín. Ẹ má wá bá èmi, oorun mi ò tó nǹkan. Ọmọ náà ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́. Yàrá tó kọjú sí òpópó ló ń sùn. Àwọn ààfáà ní òru tó ń mọ́jú Jímọ̀ lẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ máa ń wá wo ilé. Ṣé ẹ lè mọ ọ̀nà Chicago? Ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lè júwe rẹ̀ fún yín?

Bẹ́ẹ̀ ni o, bẹ́ẹ̀ kọ́ o, èyí tẹ́ ẹ bá wí la ó ṣe.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Sátidé ni eré, torí náà mò ń retí èsì yín lóru Ọjọ́bọ̀.