Súlè Tó Wo Inú Kámẹ́rà

Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Iṣáì.

A gbé eré Súlè sórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ yìí. Inú àwẹ̀ tó kọjá la sin Súlè fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a ń ya eré náà nínú gbọ̀ngàn, àwọn tó jókòó síwájú ìtàgé ni Súlè ń wò, bí àwọn onítíátà ti máa ń ṣe. Èmi tí mo ń darí eré náà ni mo ní, "Súlè, kámẹ́rà ni kó o wò. Inú ibẹ̀ làwọn ará ilé wà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyá mi náà wà ńbẹ̀?" Ló bá tẹjú mọ́ kámẹ́rà, ó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú eré: "Ìyá, ẹ má tilẹ̀kùn o. Mò ń bọ̀."

Ǹ bá ti yọ ibẹ̀ kúrò nínú eré náà láàárọ̀. Mo wò ó, ó dùn mọ́ mi, mo fi sílẹ̀. Bóyá nítorí káwọn èèyàn lè yìn mí ni. Mi ò mọ̀.

Àbúrò rẹ̀, Yàkúbù, pè mí láti Gàmbàrí. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe fún wa yìí? Wàlláhì, Ìyá dá a lóhùn! Wọ́n ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ ká tilẹ̀kùn."

Mo ní kó fún wọn ní fóònù, kí n bẹ̀bẹ̀. Ìyá ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ó ti kú. Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ó wò mí lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi hàn lọ́la."

Mo ní, "Ó dáa, Ìyá."

Mo ti dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà tèmi náà, mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Mi ò lè tì í.