Ó Tó, Àbí Kò Tó: Sí Bàbá Mi Ní Ilé Ìlagi Òjòwò

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ẹ kú eruku pákó. Ìyá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo kúnlẹ̀ kí dede yín, gbogbo yín pátá, láti Òjòwò títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n Ìyá mi ní Màkún-Omi. Àlàáfíà ni mo wà ní Kánádà níbí, àfi òtútù tí kò mọ̀ pé àlejò ni mí.

Mo fi lẹ́tà yìí síta kí gbogbo èèyàn lè kà á, nítorí pé gbangba ni mo ti purọ́. Ìdánwò tí mo kọ sórí Wásáàpù ẹbí pé èsì rẹ̀ kò tíì jáde, ó ti jáde nígbà náà. Ọjọ́ tí mo ṣe é gan-an ni kọ̀ǹpútà ti gbé e sí mi lójú. Mo fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ní kí Alfa ṣàdúrà fún mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìyá sì ti din àkàrà sàárà fún gbogbo àdúgbò. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ojú tì mí, mo bá ní kí ẹ ṣì ní sùúrù.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń mú èèyàn wọ ilé-ẹ̀kọ́ okòwò láti gba dígírì kejì ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, Ìyá mi béèrè pé ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní òwò. Wọ́n ní obì tí àwọn ti ń tà kí wọ́n tó bí mi, ilé-ẹ̀kọ́ wo ló kọ́ àwọn? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá mi, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí mo gbà l'Ágọ̀-Ìwòyè wà nínú àpótí níbí, ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo sì ti ń dúró láti àárọ̀, tí mo ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Bí mi ò bá gba èkejì, ibẹ̀ náà ni n ó dàgbà sí.

Oríṣi ìbéèrè kan ló ṣe mí léṣe nínú ìdánwò yẹn. Wọn á gbé ìṣirò kalẹ̀, wọn á sì fi àlàyé méjì tì í. Wọn ò ní kí èèyàn ṣe ìṣirò náà o. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé àlàyé yẹn tó láti fi mọ ìdáhùn, àbí kò tó. Èmi ò gbọ́ràn. Bí mo bá ti rí iye, ọwọ́ á máa yún mi, màá ṣírò ó dé òpin, àkókò á sì ti lọ.

Ọjọ́ tí mo fìdí rẹmi yẹn, yìnyín ń bọ́. Mo jókòó sí ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì méjì kọjá, mi ò dìde. Mo ń wá ẹni tó máa kàn pe orúkọ mi kó sì sọ pé pẹ̀lẹ́. Kò sí.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn náà, mo pè yín, Bàbá, ariwo ẹ̀rọ ìlagi ò jẹ́ ká gbọ́ra. Ẹ ní kí n dúró díẹ̀, pé oníbàárà kan láti Màmu wà níwájú yín. Mo ń gbọ́ ọ. Ó fẹ́ kan òrùlé, ó ń bi yín bóyá gẹdú tó wà nílẹ̀ á tó o. Mo mọ̀ pé ẹ ń yí igi náà po ni, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ kàn ní, "Éè tó," pé kò tó. Ọkùnrin náà ní kí ẹ kúkú ṣírò iye pákó tó máa jáde níbẹ̀ fún òun. Ẹ fi ìkanra dá a lóhùn pé kì í ṣe ohun tó bi yín nìyẹn. Ó bi yín bóyá ó tó, ẹ sì ti sọ fún un. Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ máa kà?

Bàbá, ẹnu mi là sílẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, kò sí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yí ìbéèrè po bíi gẹdú. Mo kọ wọ́n sórí páálí kéékèèké, mo kó wọn sápò aṣọ iṣẹ́ mi. Bí a bá ń jẹun ọ̀sán, obìnrin ará Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á fa ọ̀kan yọ, èmi á sì dáhùn ní èdè wa: ó tó, éè tó. Nígbà tó yá, ọ̀gá wa bi í bóyá ìyẹ̀fun tó kù á tó iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní éè tó! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín pa ara mi, ọ̀gá kàn ń wò wá ni.

Ọ̀rọ̀ "ó tó" yẹn ti dùn mí rí o. Nígbà tí mo wà ní girama, mo mú káàdì èsì wálé, ipò keje ni mo ṣe. Ẹ wò ó, ẹ ní, "Ó tó," ẹ dá a padà fún mi. Mo sunkún lẹ́yìn ilé. Mo rò pé ohun tí ẹ ń sọ ni pé agbára mi ò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó mọ igi kì í sọ pé ó tó fún igi tí kò lè gbé ilé ró.

Mo ti tún ìdánwò náà ṣe. Máàkì tí mo gbà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi yangàn, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ̀wé pé àwọn ti gbà mí wọlé. Ẹ forí jì mí nítorí irọ́ tí mo pa. Ẹ bá mi sọ fún Alfa pé àdúrà wọn ò ṣòfò, ó kàn pẹ́ lọ́nà ni.

Ọlọ́hun á dá yín sí fún wa. Gẹdú ò ní yí lù yín, ẹ̀rọ ò ní gé yín lọ́wọ́. Kòkòrò ò ní wọ obì Ìyá mi. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi, ẹ kí gbogbo ará ilé ìlagi, ẹ má gbàgbé ọkùnrin Màmu yẹn. Òun náà ni olùkọ́ mi.

Mo ti ya fọ́tò lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó wà lórí fóònù Ìyá. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni jọ, ẹ má tíì din àkàrà. Bí ẹ bá ti wò ó tán, Bàbá, ẹ pè mí. Ẹ má ṣírò nǹkan kan fún mi, ẹ ṣáà sọ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ ipò keje. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní sunkún lẹ́yìn ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Múínátù