Fídíò Eyín Tí Mo Fi Kọ́ Kíláàsì Kẹta

Aqeelah ọmọ mi,

Kí ìwé mi bá ọ nínú ìlera ní Ìbàdàn tí o wà yẹn, kó má bá ọ nínú àárẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé onílé yín tí ń ti géètì ní agogo mẹ́sàn-án ti rọ̀ díẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n ti géètì mọ́ ọ síta. Àwa náà wà ní Ẹdẹ níbí, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ wa bí méjì, a ti kan páànù ilé ìdáná tí afẹ́fẹ́ ṣí padà, ìyá rẹ ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé bí ó ti ń ṣe, ó ní kí n kí ọ.

Ohun tí mo fi ń kọ̀wé ni pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n mú mi kúrò ní kíláàsì kẹta tí mo ti ń kọ́ láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ìjọba kó ẹ̀rọ wá fún wa, tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan fún olùkọ́, àti ọ̀kan tí ń ju àwòrán sára ògiri fún gbogbo wa. Ìyáàfin Fèyísọ́lá, ọ̀gá àgbà wa, ní àyẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ tí kò bá lè fi ẹ̀rọ kọ́ ọmọ, ìlú Ara ni yóò lọ, yóò lọ máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ayọ̀mídé, ọmọdé olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, ló ń kọ́ wa. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kò le ju fóònù lọ. Mo ní fóònù gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ gbé àwòrán màlúù sára ògiri. Nígbà tí Ayọ̀mídé ní ká kọjá sí èyí tó kàn, mo mú dọ́sítà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu màlúù. Mo nù ún títí, kò parẹ́, kàkà bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ bọ́ sára bùbá mi. Mo bi Ayọ̀mídé pé ṣé ó máa jáde tí ìyá rẹ bá fọ̀ ọ́. Àwọn olùkọ́ yòókù rẹ́rìn-ín títí tí agogo ìsinmi fi lù.

Tábúlẹ́ẹ̀tì tèmi sì le púpọ̀ ní máàkì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí òkè níbẹ̀. Bí mo bá dé láàárọ̀, á fún mi ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, inú mi á dùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń lò ó ló ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán mo ti bọ́ sí ogójì. Mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá fi í sí iná mànàmáná tí mi ò fọwọ́ kàn án, ó máa ń dárí jì mí. Ó lè kọ lẹ́tà o, ṣùgbọ́n bírò ni mo fi kọ èyí, mi ò fẹ́ kí ó máàkì ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ayọ̀mídé wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ká iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní fídíò, kí n gbé e sára ògiri lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí ẹ̀rọ máa kọ́ wọn. Ìtọ́jú eyín ni mo kọ́. Mo dúró ní pálọ̀ wa pẹ̀lú orín lọ́wọ́, ìyá rẹ gbá tábúlẹ́ẹ̀tì mú fún ogún ìṣẹ́jú.

Ọjọ́bọ̀ dé. Alhaja kan wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, wọ́n jókòó lẹ́yìn kíláàsì, mo jókòó tì wọ́n. Bí ojú mi ṣe yọ gbàǹgbà lára ògiri, àwọn ọmọ mẹ́tàlélógójì dìde, wọ́n ní ẹ káàárọ̀ sà. O mọ̀ pé ní ilé ìwé wa, ọmọ kì í jókòó títí olùkọ́ fi dáhùn tó ní kó jókòó. Èmi tara ògiri kò dá wọn lóhùn, eyín ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì dúró. Alhaja wo àwọn ọmọ, Alhaja wo èmi, èmi wo ògiri. Mo lè sọ̀rọ̀, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lára ògiri ló wà lẹ́nu iṣẹ́, olùkọ́ kan kì í dá sí kíláàsì olùkọ́ mìíràn. Òógùn bò mí, mo ti ń rí Ara lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tó yá, Alhaja náà dìde dúró, bóyá wọ́n rò pé òfin ni.

Nígbà tí eyín parí, ohùn ìyá rẹ jáde látinú ẹ̀rọ, mi ò mọ̀ pé ó wọ inú fídíò, ó ní Bàbá Aqeelah, ẹ jókòó kí ẹ jẹun. Gbogbo kíláàsì jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yọ abọ́ oúnjẹ wọn. Alhaja jókòó.

Alhaja béèrè pé olùkọ́ wo nìyẹn. Mo ní ìyàwó mi ni, aránṣọ ni. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣe àyẹ̀wò láti ogún ọdún, àwọn ò tíì rí ẹni tó fi gbólóhùn kan mú ọmọ mẹ́tàlélógójì jókòó rí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí n dúró sí kíláàsì kẹta, kí ìyá rẹ sì wá sí ìlú Awo ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ láti fi han àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Láti ìgbà náà ni ilé ti yí padà. Lánàá, ó ní kí n nawọ́ sókè kí n tó béèrè ẹran.

Nítorí náà, dákun fi owó bàtà àti báàgì ránṣẹ́ sí i kó tó di Ọjọ́rú, kí àwọn ará Awo má fojú aránṣọ wò ó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà yóò tó, bó bá sì lé, a ò ní dá a padà. Ọlọ́run yóò tì ọ́ lẹ́yìn. Níbikíbi tí ẹsẹ̀ bá ti ń ro ọ́, Ọlọ́run yóò gbé ẹni tí yóò ní kí o jókòó dìde fún ọ, yóò sì bá ọ̀rọ̀ oúnjẹ dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mansur, olùkọ́ kíláàsì kẹta.