Orúkọ Tó Ṣáájú Abẹ́rẹ́

                              Ojúlé Kọkànlá,
                              Àdúgbò Ìkòsí,
                              Kétu, Èkó.
                              Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Wùmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo nǹkan ní Ìbàdàn? Ọlátúnjí ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń da Ẹ̀bùnọlá ọmọ rẹ láàmú ti fi í sílẹ̀? Oyún inú rẹ náà ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kó o sùn? Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.

Ó yẹ kí n pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n Alhaja, ìyá ọkọ mi, kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ, wọ́n wà nínú rẹ̀ dáadáa! Mo ti bímọ o! Ọkùnrin làǹtì-lanti, lọ́sàn-án Ajé, ní ọsibítù kan níbí ní Kétu.

Mi ò tíì yọ̀ tán tí Nọ́ọ̀sì Bridget fi gbé abẹ́rẹ́ kékeré kan wọlé. Ó ní fítámì K ni, pé gbogbo ọmọ tuntun ló yẹ kó gbà á, torí òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò sì tó nínú ara wọn, díẹ̀ bíńtín ló wà nínú ọmú. Bí ọmọ kò bá gbà á, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú orí tàbí nínú ikùn rẹ̀ láìsí ẹni tó máa tètè mọ̀. Kíá ni mo ti ṣí itan ọmọ sílẹ̀ fún un.

Ni Alhaja bá dìde, wọ́n so ìborùn mọ́ ìdí, wọ́n dúró síwájú ọmọ. Wọ́n ní nílé àwọn, irin kì í kan ara ọmọ tí kò tíì lórúkọ, ó di ọjọ́ kẹjọ! Mo ní, "Mummy, ọjọ́ kẹjọ yẹn náà lẹ fẹ́ dábẹ́ fún un. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá wá dá ńkọ́?" Wọ́n ní gbogbo ọmọ táwọn bí, èwo ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ nínú wọn?

Mo wo Sùrájù ọkọ mi. Ẹni tó máa ń fi ariwo lé àwọn onítírélà tòmátì kúrò lẹ́nu géètì wa! Ó dorí kodò bí ọmọ tó fọ́ àwo. Inú bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo rántí ọmọ Ládé, ará ilé wa níjọ́sí, tí ẹ̀jẹ̀ ìdodo rẹ̀ kọ̀ tí kò dá. Orí ló kó ọmọ yẹn yọ. Mo bú sẹ́kún. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: Sùrájù ni mo ń wò.

Ẹkún yẹn ló la ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Mummy, ṣé orúkọ nìkan ló kù?"

"Orúkọ nìkan ni. Àbí mo ní kí wọ́n má tọ́jú ọmọ mi ni?"

"Ó dáa, ẹ sọ ọ́ lórúkọ nísinsìnyí. Ẹ̀yin gan-an."

Àwọn bàbá àgbà ló máa ń sọmọ lórúkọ nílé wọn, kì í ṣe obìnrin. Alhaja wo ọmọ títí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fẹnu kan etí rẹ̀. "Fàtáì."

Wùmí, orúkọ ọkọ wọn tó kú ni! Obìnrin ìgbà tiwọn kì í pe ọkọ lórúkọ. "Bàbá Sùrájù" nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Omijé ń bọ́ lójú wọn, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra gún Fàtáì mi o." Ọmọ ké, ó mu ọmú, ó sùn. Ara rẹ̀ le koko. Bí tìẹ náà bá dé, béèrè abẹ́rẹ́ yẹn o, má dúró dìjà.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì wá jẹun ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Ajé bí ara rẹ bá gbé e. Alhaja ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe orúkọ náà títí dìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, mo sì ń gbọ́ wọn láti bálùwẹ̀: "Fàtáì. Fàtáì. Fàtáì."

Èmi ni tìẹ láéláé,
Ajarat.