Gílóòbù Òkè Tábìlì Wa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Gílóòbù òkè tábìlì kú lónìí. A ń jẹun lọ́wọ́ ni, ó dún "pó!", ilé sì ṣú dùdù. Gílóòbù àtijọ́ ni o, èyí tó ní okùn tín-ín-rín nínú, tó máa ń gbóná débi pé a ò lè fọwọ́ kàn án. Mo tú u, mo mì í sétí — ó ń dún ṣaworo-ṣaworo. Ọkọ mi, Oníṣirò, ní ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, pé gílóòbù yẹn ló ń jẹ owó iná wa. Kò sóhun tí ọkùnrin yìí kì í ṣírò, títí kan iye ìgbà tí mo ń ṣí fìríìjì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Onígílóòbù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní òun ò rí irú ti àtijọ́ rà mọ́. Ó kó tuntun sílẹ̀ lóríṣiríṣi. Mo ka ara páálí wọn bí mo ṣe máa ń ka ara páálí oògùn. Wáàtì mẹ́sàn-án tó ń ṣe iṣẹ́ ọgọ́ta! Báwo? Ó ní ooru ni ti àtijọ́ ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná ṣe, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń jábọ́. Háà! Láti ọjọ́ yìí wá, àjà ilé ló ń bá wa yáná!

Mo ra funfun, èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Bí mo ṣe tẹ súìṣì, Oníṣirò pàtẹ́wọ́. Ọmọ wa, Aláròyé, ní òun rí eruku orí fìríìjì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kàn fọwọ́ ṣíji bojú.

(Láti ìgbà tí ibà kan ti mú Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀dọ́ ni etí wọn ti di. Àmọ́ wọ́n ń sọ̀rọ̀ geerege, ohùn wọn ló kàn máa ń lọ sókè jù. Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ràn: ètè ẹni ni wọ́n ń wò. Láti ọdún tí mo bí Aláròyé ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa.)

Ẹtì, ọjọ́ keje

Ẹ̀gbọ́n ń jẹun, wọ́n ń dìde. Kò sí àpárá, kò sí ìbéèrè. Ta ló ṣẹ̀ wọ́n?

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Wàhálà dé. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ń kó lọ sọ́dọ̀ Àbúrò wa ọkùnrin ní Àbámẹ́ta. Wọ́n ti fi fóònù ránṣẹ́ sí i, ó ń gbé ọkọ̀ bọ̀. Mo ní kí la ṣe? Wọ́n ní: "Alẹ́ nìkan la máa ń jọ wà pa pọ̀, ẹ ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu kí n má baà mọ ohun tí ẹ ń sọ."

Èmi! Èmi tí mo máa ń ya ẹnu gbàgà torí tiwọn! Inú bí mi. Àmọ́ bí Ẹ̀gbọ́n bá ti ní àwọn ń lọ, wọ́n ń lọ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Mi ò mọ bí ilé yìí ṣe máa rí láìsí wọn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo rò ó títí níbi iṣẹ́. Kí ló yí padà nílé wa? A ò jà. Tábìlì kan náà, àga kan náà, àwa kan náà. Gílóòbù nìkan.

Mo mú òwú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà oúnjẹ alẹ́, Ẹ̀gbọ́n ní ebi ò pa àwọn. Mo lọ jókòó sórí àga wọn, mo fi òwú di etí méjèèjì, mo ní kí Oníṣirò máa sọ̀rọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ pe dókítà. Àmọ́ ó sọ ọ́.

Mi ò rí nǹkan kan! Gílóòbù yẹn ń da gbogbo ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sórí tábìlì ni, imú ọkọ mi — Ọlọ́run ò ṣahun nígbà tó ń dá imú yẹn — sì ṣíji bo ètè ẹ̀ pátápátá. Ibi tó yẹ kí ẹnu wà, òkùnkùn. Iná náà tún ń gún mi lójú. Ti àtijọ́ ń tàn yíká ni, sí ògiri, sí àjà, kó tó padà wá sí ojú èèyàn.

A ò jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Iná ló gbé ẹnu wa pa mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo padà sọ́dọ̀ onígílóòbù. Mo ní kó máa tàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó dúró sábẹ́ wọn, kó máa sọ̀rọ̀ láìsí ohùn. "Àǹtí, ṣé kò sí wàhálà o?" Mo ní kò sí, sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà dúró ń wòran wa.

Èyí tó gùn bí àgbàdo — kò dáa. Èyí tó ní abẹ́ pẹrẹsẹ — ó tún burú sí i. Ó wá kan roboto kan, ara ẹ̀ funfun bíi wàrà, iná ẹ̀ pupa díẹ̀. Mo rí eyín, mo rí ahọ́n, mo rí gbogbo ohun tí ètè ẹ̀ ń sọ: "Orí obìnrin yìí ti dàrú."

Mo ní, "Mo gbọ́ o." Díẹ̀ ló kù kí gílóòbù já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti ra roboto yẹn, mo fi í sókè tábìlì, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Lálẹ́, Oníṣirò bẹ̀rẹ̀ àpárá ẹ̀ tó ti gbó. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín kó tó parí ẹ̀. Aláròyé ń fi oúnjẹ sẹ́nu sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n ní, "Gbé e mì, kí n lè gbọ́ ẹ!" Wọ́n gbójú sókè wo gílóòbù, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbójú kúrò.

Àmọ́ ẹrù wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í pinpin. Mi ò lè béèrè. Ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àbúrò dé láàárọ̀, ó kó ẹrù sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti jókòó síwájú kí wọ́n tó bi í pé: "Gílóòbù wo ló wà nílé tìẹ?"

Àbúrò gbéra ga. "Funfun ni o, Ẹ̀gbọ́n! Alẹ́ wa dà bí ọ̀sán!"

Ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. "Gbé ẹrù mi padà sínú ilé."

Àbúrò wò mí. Mo yáa gbójú sókè, bí ẹni tó ń wo òjò.

Nígbà tó lọ tán, Ẹ̀gbọ́n wá bá mi ní ilé ìdáná. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ẹjọ́ pé à ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu yẹn, àwọn kàn wí i ni. "Mo rò pé ojú náà ti ń bá etí lọ ni, pé alẹ́ ni kò kọ́kọ́ ríran mọ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa máa fà mí lọ́wọ́ kiri." Jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ — Ẹ̀gbọ́n tí ohùn wọn kì í lọ sílẹ̀.

Mo ní ká tiẹ̀ ní ojú náà lọ, ta ni kó tún fà wọ́n lọ́wọ́ bí kò ṣe èmi? Àmọ́ ẹkún ti gbà mí lẹ́nu. Wọ́n di àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi síbi fèrèsé.

"Nu ojú ẹ, kí o tún un sọ. Mi ò rí i dáadáa."

Mo nu ojú mi, mo tún un sọ.