Ìkẹ́dùn lórí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wietske Hoitinga, àti Pátákó Tí Mo Nù

Sí Ọ̀gbẹ́ni Sjoerd Hoitinga àti ìdílé,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn àti ìbẹ̀rù ni àwa Ẹgbẹ́ Olùwádìí Ooru àti Òtútù ní ìlú Groningen ń kọ̀wé yìí sí yín lórí ikú aya yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wietske.

Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi sìn láàrin wa. Àwọn ló là wá lóye pé ọmọ ìyá ni oríṣi ẹ́ńtírọ́pì, ìyẹn ìwọ̀n ìdàrúdàpọ̀, méjèèjì: èyí tí a fi ń wọn bí ooru ṣe ń fọ́n ká, àti èyí tí a fi ń wọn ohun tí a kò mọ̀ nípa àwọn ohun tín-ín-tín inú átọ́mù. Wọ́n fi hàn wá pé kò sí ẹni tó lè pa àkọsílẹ̀ rẹ́ kí ooru díẹ̀ má jáde. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kánjú pa iṣẹ́ wọn rẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n á ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọ̀lẹ! Ṣé ẹ fẹ́ sọ yàrá òtútù mi di ààrò ni?"

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ni yóò nu pátákó ìkọ̀wé yàrá ìwádìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìròyìn tó dé pé kẹ̀kẹ́ wọn ti yọ̀ lórí yìnyín lójú ọ̀nà ilé, èmi ni mo nu ìṣirò ìkẹyìn wọn. N kò tilẹ̀ kà á. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kan aṣọ ìnupátákó. Ẹ̀rù ń bà wá pé ohun tí Ọlọ́run fi hàn wọ́n gbẹ̀yìn ti lọ láéláé, àti pé ọwọ́ mi ló gbé e lọ.

Jeltje ọmọ yín rí mi lẹ́nu ọ̀nà yín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Folkert, ẹ má sunkún mọ́. Ṣebí Màmá máa ń sọ pé nǹkan kì í sọnù, ó kàn ń lọ síbi tẹ́ ò ti lè kà á ni." Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú, ó sì tún dẹ́rù bà mí.

A ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní kọ nǹkan sórí pátákó náà mọ́. A ó bi gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn léèrè ohun tí àwọn bá rántí nípa ìṣirò náà. Ní gbogbo ìgbà òtútù yìí, àwa ni a ó máa da iyanrìn sórí yìnyín ojú ọ̀nà yín.

Wọ́n kọ́ wa pé bí ohun tín-ín-tín méjì bá so pọ̀, ẹni tó bá wo ẹyọ kan yóò rí kìkì ìdàrúdàpọ̀, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó rí méjèèjì pọ̀, gbogbo rẹ̀ wà létò. Ẹ̀yin tí ẹ kù sílé, kí Ọlọ́run tó ń rí ẹ̀yin àti Wietske pọ̀, tí ẹnì kankan kò lè nu ohun tó kọ, dì yín mú, kí ó sì tù yín nínú. Àmín.

Folkert Wiersema,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́